Ìbòmú Tí Hiske Ò Bọ́

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sú ènìyàn, ẹ wá wo ojú Hiske nínú ìpàdé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì débi pé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọsibítù kékeré kan ní Friesland lókè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, kò bẹ̀rù èébì, kò sì bẹ̀rù dókítà kankan. Ìpàdé nìkan ló máa ń mú orí fọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, ìpàdé ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo níbẹ̀. Àwọn ènìyàn yẹn kì í pàṣẹ fún ara wọn. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á bu kọfí, wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bísíkíìtì kan ṣoṣo, wọ́n á dé agolo bísíkíìtì náà padà gbà-ìn, oníkálukú á wá sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀ títí gbogbo wọn á fi fẹnu kò síbi tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìbòmú ló wà lórí tábìlì. Ọdún kòrónà ti kọjá, òfin rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wá ń rò ó bóyá ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì máa bo imú níwájú aláìsàn.

Ybeltje ni ọ̀gá wọn. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí Hiske nínú.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu gbogbo wa," ni Ybeltje wí. "Kò sí èrò tí kò dáa."

"Ó wà," ni Hiske fèsì láti abẹ́ ìbòmú rẹ̀. Òun nìkan ló wọ̀ ọ́ nínú ìpàdé náà.

Wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọ̀kan ní ìbòmú ń jẹ́ kí gíláàsì ojú òun ṣú. Ọ̀kan ní ó ń mú kí irorẹ́ sú sí òun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ní bí òun bá ti fojú kan ìbòmú báyìí, gbogbo àwọn tó kú lọ́wọ́ òun lọ́dún kòrónà ló ń padà wá bá òun, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, Hiske alára ò lè bá ìyẹn jà. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rín nọ́ọ̀sì, oògùn ni fún aláìsàn.

"Ẹ̀rín dáa," ni Hiske wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fokje ni mo fẹ́ sọ."

Gbogbo wọn ló mọ Fokje. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní odò wíwẹ̀ ni, kó tó di pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kọṣẹ́. Ní báyìí, ó tó ọdún méjì tó ti tọ̀ kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wá jókòó ti ẹ̀rọ fún odindi àárọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi tó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀ torí rọ́bà tí wọ́n fi sí i láyà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. "Àwọn ọmọ tí mò ń bá wí pé kí wọ́n má tọ̀ sómi," ló máa ń sọ, "ẹ wò ó, mo ti ń jowú wọn." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Rinse, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló fẹ́ fún un ní kíndìnrín kan. Wọ́n ti yẹ ara àwọn méjèèjì wò, wọ́n ti fún wọn ní ọjọ́ ní ọsibítù ńlá tó wà ní Groningen. Ọjọ́ náà ti sún mọ́lé. Ohun kan ṣoṣo ló kù: Fokje ò gbọ́dọ̀ ṣàìsàn. Ikọ́ kékeré tí ìwọ àti èmi á fi oyin lé lọ, tó bá mú Fokje, wọ́n á dá a padà sílé ni, ẹlòmíràn á sì gba orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

"Gbogbo wa la fẹ́ràn Fokje," ni Ybeltje wí, ó sì gbé ọwọ́ lé Hiske lápá.

Wọ́n jíròrò dé ọ̀sán. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí nọ́ọ̀sì bo imú nígbà tó bá ń fi abẹ́rẹ́ sí aláìsàn lára àti nígbà tó bá ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àsìkò kọfí, nígbà tí wọ́n bá ń pín kọfí kiri yàrá, oníkálukú lè ṣí ẹnu rẹ̀, torí àsìkò ìfararora nìyẹn.

"Ta ló máa bá wa sọ fún kòkòrò àrùn?" ni Hiske bi wọ́n.

"Kí ni ká sọ fún un?"

"Pé tí wọ́n bá ti gbé kọfí dé, kó lọ sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Hiske ò bọ́ tiẹ̀, ní àsìkò kọfí tàbí ní àsìkò wo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọlọ́pàá. Ìyẹn ò dùn ún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn ún ni Bàbá Gerlof.

Àgbẹ̀ olómàlúù ni Bàbá Gerlof, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún wàrà àti ariwo katakata ti jẹ etí rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún un pé kó máa fi sétí, àpò ṣòkòtò ló ń gbé, ó ní ó ń han òun létí bí ẹyẹ. Etí òsì ṣì ń gbọ́ díẹ̀ bí ènìyàn bá fi gbogbo agbára pariwo sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ló ń wò. Tó bá ti rí ètè rẹ báyìí, kò sí ohun tó o sọ tí kò gbọ́, tó fi mọ́ èyí tó o sọ sí ẹlòmíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Nídìí fèrèsé ńlá ni àga rẹ̀ wà nínú yàrá náà, Fokje ni wọ́n sì gbé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ ò sí. Ilé rẹ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé ọjọ́ Mọ́ńdè, àfi ibi ẹ̀rọ yìí ló ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Láàárín gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì, ẹnu Hiske ló fẹ́ràn jù láti wò, torí Hiske kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àti pé bàbá náà mọ Durk, bàbá Hiske, oko àwọn méjèèjì ò jìnnà síra.

"Ọmọ Durk," bàbá á pariwo bó bá ti ń wọlé, "bọ́ nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu! Mi ò mọ̀ bóyá ò ń kí mi ni tàbí ò ń bú mi!"

"MÒ Ń KÍ YÍN NI!" ni Hiske á pariwo sí etí òsì rẹ̀, gbogbo yàrá á jí.

"Olè nìkan ló ń bo ojú wọlé onílé!"

"Ẹ̀YIN LẸ WỌLÉ WA, BÀBÁ!"

Gbogbo ìgbà tó bá wá ni. Ó ń rẹ Hiske. Ohùn rẹ̀ ti há. Ní ọjọ́ kan ó dúró níwájú bàbá, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì fi gbogbo ohùn tó kù fún un bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá Gerlof, nígbà tí àrùn pátákò ń pa màlúù nílẹ̀ yìí, tí èmi bá wọ bàtà tí mo fi rin oko ẹlòmíràn wá sẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù yín, kí lẹ máa ṣe?"

"Ajá ni mà á dẹ sí ọ."

"Bàbá tèmi gbé ọpọ́n oògùn apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà. Àlùfáà wá kí i, ó ní kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó tó wọlé. Ẹ rántí?"

"Mo rántí. Durk, ó burú! Ó ba bàtà àlùfáà jẹ́."

"Ẹ wá sọ fún mi. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló ti ẹsẹ̀ bọ ọpọ́n nítorí màlúù, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Kí ló dé tí ẹ ò lè jẹ́ kí n bo imú nítorí ọmọ tó jókòó ti yín yìí?"

Bàbá wo Fokje, Fokje rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣẹ́jú sí i. Bàbá yí padà sí Hiske.

"Màlúù kì í wo ẹnu," ló wí.

Hiske kẹ̀yìn sí i. Ó lọ yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Inú ń bí i sí bàbá, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá sọ, òun náà sì ń sọ òótọ́, kò sì síbi tí òótọ́ méjèèjì lè gbà pàdé nínú yàrá kan náà.

Fokje ló sọ ìtàn kan fún un lọ́jọ́ náà, nígbà tí bàbá ti sùn lọ.

"Anti Hiske, ẹ má bínú sí i. Ṣé ẹ mọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kú?"

"Lọ́dún kòrónà ni. Ilé àwọn arúgbó."

"Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Gbogbo àwọn tó wá kí èèyàn wọn á dúró síta lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n á máa tẹ fóònù, wọ́n á máa ṣẹ́wọ́, wọ́n á máa sunkún, wọn ò gbọ́ ara wọn. Òun nìkan ni kò nílò fóònù. Á gbé àga kíká rẹ̀, irú èyí tí àwọn apẹja ń jókòó lé, síta, á jókòó nídìí gíláàsì, Mama Baukje, ìyàwó rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún, òun á sì máa wo ẹnu rẹ̀, á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní Baukje ń bú òun pé òun ò gé irùngbọ̀n. Títí tó fi kú ni wọ́n jọ sọ̀rọ̀."

Hiske wo arúgbó tó ń hanrun. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé ọrùn. "Ìwọ ì bá má sọ èyí fún mi," ló wí, ó sì lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ Fokje ni Bàbá Gerlof pé ọgọ́rin ọdún. Nílẹ̀ yẹn, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ló ń ra kéèkì fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ayé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé kéèkì pẹlẹbẹ ìlú wọn wá, èyí tí wọ́n fi ṣúgà olómi píńkì bò lórí, pátákó méjì gbáko. Hiske ti bẹ bàbá tẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ nílé. Bàbá ní ta ló wà nílé tó máa jẹ ẹ́. Hiske lọ bá Ybeltje.

"Àsìkò kọfí ni wọ́n máa jẹ ẹ́," ni Ybeltje wí pẹ̀lẹ́. "Ó wà nínú àdéhùn wa."

Kéèkì ò burú. Ìkíni tó ń tẹ̀lé e ló burú. Tí ẹnì kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí láàárín wọn, ẹ ò ní kí onítọ̀hún nìkan kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ máa wá yípo, ẹ máa bọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kí wọn kú oríire ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ìbáà jẹ́ àjèjì tó yà wá tún páìpù ṣe. Ẹni tí kò bá ṣe é, kò lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ẹni tó ń fọlẹ̀ àti ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ ṣe wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹnu ní ṣíṣí, tí wọ́n ń bọ Bàbá Gerlof lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé Fokje lórí.

"Fokje, ẹ kú oríire Gerlof o!"

"Ẹ kú oríire Gerlof!"

"Oríire Gerlof o, Fokje! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tìrẹ, àbí?"

Hiske gbé jọ́ọ̀gì kọfí dúró síwájú àga Fokje, ó fẹ̀ bí ó ti lè fẹ̀. Wọ́n ń gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Dókítà Terpstra ló wọlé kẹ́yìn. Ó yọ ìbòmú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó tì í bọ àpò, ó mú kéèkì, ó sín sí ìgbọ̀nwọ́.

"Igi tó ń tanná ló ń mú mi sín," ló wí. "Lọ́dọọdún ni."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbòmú yín padà."

"Hiske, àsìkò kọfí ni," ni dókítà wí tẹ̀ríntẹ̀rín, gbogbo yàrá sì bá a rín in. Ó yí i ká, ó bọ Fokje lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ń bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ènìyàn dáadáa ni dókítà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn tó bá jẹ́ ènìyàn burúkú.

Bàbá Gerlof sì nawọ́ sí Hiske láti orí àga rẹ̀. "Ọmọ Durk! Gbogbo ayé ti kí mi. Ìwọ ńkọ́?"

Ó sún mọ́ ọn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ KÚ ỌJỌ́ ÌBÍ!"

"Bọ́ ọ. Lónìí nìkan. Jẹ́ kí n rí i bó o ṣe ń sọ ọ́."

Gbogbo yàrá ń wò ó. Ọwọ́ Hiske gòkè dé okùn ìbòmú tó wà létí rẹ̀. Ó wo Fokje. Ó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì mi orí. Ojú bàbá ṣú bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ó jẹ kéèkì rẹ̀ tán, ó wo ìta láti ojú fèrèsé, kò tún pariwo mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó dun Hiske wọra. Bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, tí afẹ́fẹ́ ń kọjú ìjà sí i, ó ń bú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí Ybeltje dórí kéèkì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Fokje ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kejì ibà dé. Dókítà Terpstra náà ti dùbúlẹ̀ sílé, kì í ṣe igi tó ń tanná mọ́. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá, torí ọ̀pọ̀ ọwọ́ àti ọ̀pọ̀ ẹnu ló kọjá níwájú àga yẹn. Groningen fagi lé ọjọ́ náà. Wọ́n ní táwọn bá ti rí àyè, àwọn á pè. Rinse tó ti dá gbogbo iṣẹ́ dúró, tó ti fi ọkọ̀ ojú omi ẹnìkan sílẹ̀ láìkùn, padà lọ kùn ún.

Hiske wọ yàrá tí wọ́n ń kó báńdéèjì sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún ìbínú. Kì í ṣe pé ó ń banú jẹ́ nìkan. Ó ti sọ ọ́! Ó sọ ọ́ nínú ìpàdé, ó sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Kí wá ni àǹfààní kéèníyàn ní òótọ́ lọ́wọ́ tí kò rí ibi gbé e sí?

Nígbà tí Bàbá Gerlof dé, àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti gbé Fokje lọ sí yàrá kékeré tó dá wà.

"Fokje dà? Ṣé wọ́n ti ṣe é ni?"

"WỌN Ò ṢE É! FOKJE Ń WÚKỌ́!"

Gbogbo yàrá gbọ́. Ybeltje tó ń kọjá lọ dúró, ojú tì í. Bàbá jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ńlá méjèèjì lé itan.

"Nídìí kéèkì mi ni," ló wí.

"Kì í ṣe ẹjọ́ kéèkì yín."

Kò gbọ́ ọ. Hiske ò sì ní agbára láti pariwo rẹ̀.

Nígbà tí bàbá tún padà wá, ó ti fi ìbòmú sí imú ara rẹ̀. Ó dorí rẹ̀ kodò, irin tó yẹ kó wà lórí imú wà ní àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Dókítà Terpstra tí ara rẹ̀ ti yá wá kí i pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ àti ẹnu ní ṣíṣí.

"Dókítà," ni Bàbá Gerlof pariwo, "oko ta lo ti ń bọ̀?"

"Báwo, Gerlof?"

"Mo ní oko ta lo ti ń bọ̀? Bàtà rẹ dà? Ṣé o ti ti ẹsẹ̀ bọ ọpọ́n?"

Kò yé dókítà. Ó yé gbogbo àwọn aláìsàn tó kù, ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dókítà wá ìbòmú nínú àpò rẹ̀, ó fi í sí.

Ybeltje tún pe ìpàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tètè fẹnu kò: gbogbo ènìyàn á bo imú nínú yàrá náà, àsìkò kọfí wà lára rẹ̀, títí Fokje á fi lọ gba kíndìnrín rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún un wò.

"Lẹ́yìn Fokje, ta ló máa jókòó síbẹ̀?" ni Hiske bi wọ́n.

"Aláìsàn mìíràn ni."

"Tí ara rẹ̀ le bí irin?"

Ybeltje mí kanlẹ̀. "Hiske, o ti borí. Kí ló tún kù?"

Ohun tó kù ni pé Bàbá Gerlof ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò tún ní kí ó bọ́ ọ. Kò tún pè é ní olè. Á na apá fún abẹ́rẹ́, á mi orí, á kọjú sí fèrèsé, á sì máa wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí omi lẹ́yìn ọsibítù títí ẹ̀rọ á fi parí iṣẹ́. Ohun tí Hiske ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ìgbà náà ló fún un yìí, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ariwo bàbá ti sú u tẹ́lẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ wá sú u jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé rẹ̀ dákẹ́, ọsibítù náà tún wá dákẹ́ fún un. Hiske á máa wò ó láti ẹ̀yìn ìbòmú, á fẹ́ kó tún bú òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ara Fokje yá. Groningen pè. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó kí i kú oríire ohunkóhun, kò sẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ṣẹ́wọ́ sí gbogbo wọn, Bàbá Gerlof sì gbé àtàǹpàkò sókè fún un.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, òjò ń rọ̀ gbà-á-gbà-á, afẹ́fẹ́ ń fi í lu gíláàsì. Obìnrin tín-ín-rín kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ló wà nínú àga Fokje, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lára rẹ̀. Fóònù dún nídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyá Fokje ni. Hiske gbọ́ ọ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó di ojú tábìlì mú. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú ìbòmú.

Ó lọ bá Bàbá Gerlof. Bàbá wo ojú rẹ̀, ojú nìkan ló rí, ojú tó pọ́n tó sì tutù.

"Ṣé ó kú ni?"

Hiske mi orí pé rárá, ó mi orí gidigidi, ó tẹ̀ síbi etí òsì rẹ̀, ó fa èémí láti pariwo. Bàbá ti etí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má pariwo lé mi lórí. Ó ti sú mi. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ló ń pariwo mọ́ mi bí ẹni ń da màlúù. Sọ ọ́ fún mi bí ènìyàn."

Ọwọ́ Hiske tún gòkè sí okùn etí rẹ̀. Obìnrin abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ń wò ó. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀. "Olúwa ò," ni Hiske wí sínú ìbòmú, "kí ni kí n ṣe fún gbogbo yín?"

Bàbá Gerlof fi ìka lu gíláàsì fèrèsé.

"Bíi ti Baukje," ló wí.

Hiske jáde. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọjá níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ó wọ inú ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí pẹ̀lú sálúbàtà iṣẹ́ tó ní ihò lórí, omi tútù sì kún un lójú ẹsẹ̀. Ó ń bú bó ṣe ń lọ. Ó bú òjò, ó bú Ybeltje, ó bú ẹni tó gbin igi ẹlẹ́gùn-ún sídìí fèrèsé ọsibítù. Ó dé iwájú gíláàsì. Bàbá ti yí àga rẹ̀ padà bí okùn ẹ̀rọ ti lè gbà á láyè mọ, ó ti fi iwájú orí kan fèrèsé. Hiske fa ìbòmú sí àgbọ̀n, òjò sì bá a lójú àti lẹ́nu.

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ènìyàn.

"Kíndìnrín náà ti ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì rán ara rẹ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀. Fokje ti tọ̀."

Bàbá wo ètè rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sínú yàrá, ó ké sí gbogbo wọn, sí obìnrin abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, sí dókítà, sí Ybeltje, ohùn rẹ̀ sì la gíláàsì onípele méjì náà kọjá dé inú òjò.

"Ó ti tọ̀! Fokje ti tọ̀!"

Hiske rí wọn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nínú lọ́hùn-ún, kò gbọ́ ọ. Ó fẹ́ fa ìbòmú rẹ̀ sókè kó máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Bàbá Gerlof yí padà sí gíláàsì, ó lu ú lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ Durk! Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un sọ."

Ó ti gbọ́ ọ. Hiske mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ, gbogbo ọsibítù ló mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ. "Bàbá yìí máa pa mí," ló wí, bàbá sì rẹ́rìn-ín, torí ó gbọ́ ìyẹn náà. Hiske nu òjò kúrò lẹ́nu, ó sún mọ́ gíláàsì, ó sì tún un sọ.